Òní Náà, Ọjọ́ Kan Ni

Ojúlé Kẹrin, Ọ̀nà Odò,
Ẹ̀sìẹ́,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 2025.

Sárà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Fọlárìn. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Fọlárìn ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Tómilọ́lá ọmọ ọmọ wa ńkọ́, ṣé eyín ti òkè ti yọ, tàbí ti ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣì fi ń gé ìyá rẹ̀ jẹ? Orúnkún rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní ó ti san, torí o kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan ń dùn ọ́. Má máa sáré gun àtẹ̀gùn ilé Fọlárìn o, ìwọ kì í ṣe ọmọdé mọ́. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà nílẹ̀, mo sì ń lò ó. Ọláṣẹ̀hìndé ọmọ mi ń pè mí láti Àbújá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Á ní, "Màámi, ṣé kò sí ìṣòro?" Èmi á ní kò sí. Bí ìyẹn ṣe máa ń parí nìyẹn.

Wàá máa wò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Tí mo bá pè ọ́, Tómilọ́lá á ké, wàá ní, "Rúùtù, mò ń bọ̀," o ò sì ní padà wá mọ́. Tàbí kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì, kí o ti máa sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ̀bi mi ni. Wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á tán kí o tó bá mi wí tàbí kí o tó rẹ̀ mí lẹ́kún.

Láti ìgbà tí o ti fẹ̀yìn tì, tí o sì lọ bá Fọlárìn ní Èkó, wọn ò tíì rán tíṣà kankan wá. Wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ mọ́ tèmi, gbogbo wọn jẹ́ méjìdínlógójì. Àga tó ti kán ni wọ́n ń kó sí kíláàsì rẹ báyìí. Ó ṣì máa ń ṣẹlẹ̀ sí mi pé tó bá ti di aago mẹ́wàá, màá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, màá máa retí kí o kan ògiri. Ọdún mọ́kàndínlógún ni o fi kan ògiri yẹn fún mi pé ó tó kí á lọ mu tíì lábẹ́ máńgòrò. Ní báyìí, tí wọ́n bá lu agogo, inú kíláàsì ni mo máa ń jókòó sí. Mi ò lè dá nìkan lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn. Mo wà láàárín èrò láti àárọ̀ dé ọ̀sán, síbẹ̀ mo dá wà, Sárà. Mi ò mọ bí mo ṣe tún lè sọ ọ́.

Èyí tó wá le jù níbẹ̀ ni ìṣirò. O mọ bí a ṣe pín in: ìwọ ló ń kọ́ kíláàsì méjèèjì ní oǹkà àti kàlẹ́ńdà, èmi ló ń kọ́ wọn ní ìwé kíkọ àti orin. Nígbà tí o lọ, o kó oǹkà dà sí mi lọ́rùn. Mo gbìyànjú. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn ní kìíní, kejì, kẹta, mo to ọmọ márùn-ún sí iwájú bọ́ọ̀dù. Àhmádù, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ní òun ò ní ṣe ẹnì kejì, òun ni àkọ́bí bàbá òun. Mo ní ìlà ni a tò sí, kì í ṣe ilé yín. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí Bilqis tó wà níwájú òun bọ́ sẹ́yìn, ṣebí Bilqis ló kéré jù. Bí Bilqis ṣe bú sẹ́kún nìyẹn. Mo bá ní kí gbogbo wọn yí ojú sí ògiri ẹ̀yìn láìkúrò lójú kan. Ẹni tó jẹ́ ìkárùn-ún di ẹnì kìíní, Àhmádù di ẹnì kẹrin. Ẹnu yà wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo jáde pé kí n sọ fún ọ, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ kí n tó rántí.

Mo gbé kàlẹ́ńdà ìjọ wa kọ́ ara ògiri, èyí tí àwòrán àwọn pásítọ̀ wà lókè rẹ̀. Ní àárọ̀, a ó jọ ka àná, òní àti ọ̀la. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ parí, ẹnì kan á jáde wá, á fi bíírò pupa fa igi lé ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ń retí nǹkan á ya àwòrán rẹ̀ sórí ọjọ́ tí nǹkan náà máa dé. Bilqis ya àgbò sí ọjọ́ Iléyá, ṣùgbọ́n ó jọ ajá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

O máa rántí Success, ọmọ Joy, èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní oríta. Ìyá Òkè-Ọdẹ ni gbogbo wa ń pe ìyá náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Joy ń fọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó, kò sì tíì fojú kan ọmọ rẹ̀ láti Kérésì èṣíjọ̀, kì í ṣe Kérésì tó kọjá yìí o, èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó kọjá, Joy pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní wọ́n ti fún òun láyè ọjọ́ kan, òun ń bọ̀ wá wo ọmọ òun ní ọjọ́ kẹsàn-án òní. Success sáré wọ kíláàsì, ó sì sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, ọmọ tí a máa ń bẹ̀ kó tó sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo ní kó jáde wá, kí á jọ wá ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà. Ó gbé ìka lé ọjọ́ kẹtàlá, ó ní, "Kìíní." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e kúrò níbẹ̀. Mo ní, rárá, òní ti bẹ̀rẹ̀ ná, a kì í kà á mọ́ ọn, láti ọ̀la ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn. A kà á títí, ìka rẹ̀ bọ́ sórí ọjọ́ kejìlélógún, Ọjọ́bọ̀. Mo fún un ní bíírò pupa, ó ya obìnrin kan tí gèlè rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó rọra sọ pé Ìyá àgbà ní Ọjọ́rú ni. Mo ní, "Ṣé Ìyá àgbà rẹ ní kàlẹ́ńdà ni?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ jókòó.

Ọjọ́rú yẹn gan-an ni wọ́n dá fún wa pé kí á kó àwọn ọmọ lọ sí Òmù-Àrán, kí wọ́n lọ dánra wò fún ìtò ọjọ́ àwọn ọmọdé, tí wọ́n máa ń yan bíi ológun. Nígbà tó ku ọ̀la, Success ní Ìyá àgbà òun ní kí òun má lọ, pé ìyá òun ń bọ̀. Mo tún mú un lọ síwájú kàlẹ́ńdà, mo fi obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà hàn án. Mo ní ọ̀la kọ́, ọ̀túnla ni. Kò tó mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mò ń lọ sílé, mo yà lọ́dọ̀ Ìyá Òkè-Ọdẹ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà bá wa lọ, pé aago méjìlá ọ̀sán ni a máa dé. Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Tíṣà ló mọ̀." Mo rò pé wọ́n gbà fún mi ni.

A lọ. Àwọn tó yẹ kó wá wo ìtò wa ò tètè dé, a dúró sínú oòrùn títí. Ẹnì kẹta ní ìlà iwájú ni Success, ó ń ju apá dáadáa. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì wa tó padà dé oríta. Ìyá Òkè-Ọdẹ wà ní ìdúró níbẹ̀, àpò ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ni wọ́n pè, wọ́n gbé ọ̀rá náà fún un.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Joy ti dé. Ó jókòó dè wá. Ó fẹ́ gun ọ̀kadà wá bá wa ní Òmù-Àrán, ó tún ní bóyá a ti wà lójú ọ̀nà, kí á má lọ gba ara wa kọjá. Bí ó ṣe ń dìde ló tún ń jókòó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí iná fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù mi ti kú sínú báàgì, mi ò sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣajì. Nígbà tó di aago méjì, ọkọ̀ Olúṣẹ̀yẹ tó ń lọ sí Èkó fẹ́ gbéra, Joy sì gbọ́dọ̀ wọṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó lọ.

Bàtà sáńdà ló wà nínú ọ̀rá náà, aláwọ̀ ewé, ó ní òdòdó lórí. Success jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó wọ̀ ọ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ síta ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹsẹ̀ ọmọ tí Joy fi sílẹ̀ ló ra bàtà fún, ọmọ náà sì ti dàgbà. Kò sunkún. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sílé.

Sárà, mo rò pé mo ti rí èyí tó burú jù, àfi ìgbà tó di Ọjọ́bọ̀. Ó wọ sáńdà náà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a jáde, mò ń kọjá ní oríta, mo rí i tó jókòó sórí afárá kékeré tó wà níbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà Èkó. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Òní ni Ọjọ́bọ̀, Mà. Ẹ̀yin lẹ ní Ọjọ́bọ̀ ni." Lójú tirẹ̀, ti Ìyá àgbà ni ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá lánàá, tèmi ló wá kù. Ó gbà mí gbọ́ síbẹ̀. Mo jókòó tì í. A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí màmá fi wá pè é.

Ọjọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Òkè-Ọdẹ. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Wọ́n ní kí n dìde, pé àgbàlagbà ni mí. Wọ́n ṣa ẹ̀gúsí mẹ́sàn-án, wọ́n tò ó sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n gbé ìka lé èyí àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Òní rèé. Ọjọ́ tó pè." Wọ́n fi ọwọ́ kan ìkárùn-ún, wọ́n ní ọjà. Wọ́n fi ọwọ́ kan ìkẹsàn-án, wọ́n ní ọjà. Wọ́n wá ní, "Tíṣà, ọjọ́ tí ìyá ọmọ pè, ṣé kì í ṣe ọjọ́ ni? Ọjọ́ yẹn lọmọ jó jù."

Ṣebí bí ìyá tèmi náà ṣe ń ka ọjà nìyẹn. Èmi tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, tí mo ti ń gbé igbá tẹ̀ lé wọn lọ ná ọjà ọrọọrún láti kékeré, ta ló sọ fún mi rí pé láti ọ̀la ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Oǹkà ìwé ò burú. Ṣùgbọ́n oǹkà Joy ló yẹ kí n béèrè, kì í ṣe ti ìwé, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Ìwọ ìbá ti mọ̀. Mo rántí àwọn ìdérí ìgò rẹ, bí o ṣe máa ń jẹ́ kí ọmọ fi ọ̀kan lélẹ̀ fún òní kó tó kan èyíkéyìí. Mo máa ń ní o ń fi àkókò ṣòfò.

Mo fi fóònù màmá pe Joy, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá mi tọ́jú ọmọ." Ó sàn kó bú mi. Ó ní òun ò lè gba àyè mìíràn àfi ìparí ọdún.

Láti ìgbà náà, tó bá kan Success láti fa igi lórí kàlẹ́ńdà, á gba bíírò, á gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Tí a bá ń ka àná, òní, ọ̀la, ẹnu rẹ̀ á wà ní pípadé. Kò ya mí lẹ́nu. Èmi náà kì í fẹ́ wo kàlẹ́ńdà yẹn mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó jẹ́ Iléyá, ìyá Bilqis fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Mo sè é, mo sì bu ìrẹsì tó tó èèyàn méjì, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí o bá fẹ́ wá jẹun. Mo jókòó tì í. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún ara mi pé bí Joy ò bá lè wá, èmi lè lọ. Láti oṣù Kìíní ni o ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá sí Èkó, tí mo ń sọ pé ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí, pé ta ni máa bójú tó adìẹ mi. Irọ́ ni. Mo ń bínú sí ọ pé o lọ. O ti gbọ́ ọ báyìí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Keje ni ilé ẹ̀kọ́ máa parí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Olúṣẹ̀yẹ máa gbé èmi àti Success wá sí Èkó. Joy máa dúró dè wá ní gáréèjì, ọmọ náà á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi á wà lọ́dọ̀ rẹ títí a ó fi padà. Sọ fún Fọlárìn. Fi àyè sílẹ̀ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo ṣì ń hanrun o.

Lẹ́yìn ìsìn òní, mo ká kàlẹ́ńdà náà mọ́ abẹ́ apá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Òkè-Ọdẹ. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo fi ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n han Success, mo ní òun ni kó kà á, pé mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó wò mí. Ó gbé ìka lé ọjọ́ kẹjọ, ó dúró. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.

Ó ní, "Kìíní."

Ó kà á dé ogún, ó rẹ̀ ẹ́, màmá gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n jọ ṣí oṣù Keje, ó pé mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó ya èèyàn mẹ́ta síbẹ̀. Ó ní èyí tó sanra ni èmi. Ó wá mú bíírò pupa, ó fa igi lé òní. Aago kan ọ̀sán ò tíì lù, mo sì ti sọ fún wọn láìmọye ìgbà pé a kì í fa igi lé ọjọ́ tí kò tíì parí. Mo jẹ́ kó fà á.

Olúṣẹ̀yẹ ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ̀gúsí tó wà pẹ̀lú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ màmá ni. Bá mi kí Fọlárìn àti ìyàwó rẹ̀, fi ẹnu ko Tómilọ́lá lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Ìwé kan wà nínú lẹ́tà yìí tí mo fi ya ẹsẹ̀ Success, ọ̀tún àti òsì. Nọ́ńbà Joy wà lẹ́yìn rẹ̀. Jọ̀wọ́ wá bí ìwé náà ṣe máa dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó tún lọ ra bàtà.

Tí o bá sì fẹ́ ka ọjọ́ tí a máa dé, má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ọjọ́ tí o bá ka lẹ́tà yìí, kà á mọ́ ọn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì ń fetí sí ògiri,
Rúùtù.